Ta ló ti fi nǹkan inú ilé ṣe páàdì géèmù rí? Ẹ wá bá mi dá sí i

TíṣàMọ́níyà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní kọ̀ǹpútà ní gbogbo Sátidé ní Mọ́níyà níbí, n'Íbàdàn, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàlá. Scratch la fi ń ṣe é, prógíráàmù tọ́mọdé lè fi ṣe géèmù tiẹ̀, táwọn ará MIT Media Lab l'Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá sì ti dáńlóòdù ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù tán kò bèèrè dátà mọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ti ń ṣe géèmù tiwọn o, ológbò tó ń fo kòtò, ẹni tó ń sá fún òkúta, oríṣiríṣi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé páàdì kan ṣoṣo la ní, ọ̀pá ìdarí ẹ̀ sì ti ń fà sápá òsì fúnra ẹ̀, tọ́mọ kan bá wá jókòó sídìí kíbọọ̀dù, gbogbo àwọn tó kù á kàn dúró sẹ́yìn ẹ̀ máa wòran ni.

Mo wá rí fídíò ibi táwọn èèyàn ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ dùùrù, tí wọ́n ń fi ṣíbí ta géèmù. Makey Makey ni wọ́n ń pe pátákó tí wọ́n fi ṣe é. Jay Silver àti Eric Rosenbaum ló ṣe é nígbà tí wọ́n wà ní MIT, wọ́n gbé e sórí Kickstarter, ìkànnì ìdáwó, ní 2012, $25,000 ni wọ́n ní káwọn èèyàn dá fáwọn, ohun tí wọ́n rí gbà lé ní $568,000. Ẹ ò rí i pé ó wu àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n bíi àádọ́ta dọ́là ni wọ́n ń tà á, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ wa níbí, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ẹ̀ á ti kọjá ohun tí àwa lè dá. Ìbéèrè mi ni pé ṣé a lè fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe irú ẹ̀? Fóìlì, páálí, agolo, bàtà tó ti já, a ní gbogbo ìyẹn rẹpẹtẹ.

Kọ́láGéèmù:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú. Ọkùnrin kan wà ní New Zealand tí wọ́n ń pè ní Rudeism, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi gbá géèmù Overwatch, ó wá lọ mú Winston tó jẹ́ ìnàkí nínú géèmù yẹn. Ní 2020 ó tún fi bọ́tìnì kan ṣoṣo parí géèmù Dark Souls III, ó ń tẹ̀ ẹ́ bíi ti àwọn tó ń fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ láyé àtijọ́, kúkúrú, gígùn, kúkúrú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa àwọn ọ̀gá inú ibẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀tá tó le jù. Èmi tí mo ní páàdì tó pé, n ò tíì pa ọ̀gá kejì.

ÀgbàOníwáyà:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ìkẹjà ni mo wà, iṣẹ́ àtúnṣe ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀nà tó rọ̀ jù fún yín. Ẹ gbàgbé Makey Makey ná. Kíbọọ̀dù USB tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe èyí tí iná ti jó pátákó ẹ̀ o, èyí tí bọ́tìnì ẹ̀ ti yọ tàbí tí wọ́n da tíì sí lórí, irú ẹ̀ kún ìsàlẹ̀ tábìlì gbogbo onítúnṣe, ẹlòmíì á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ tú síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa bá rọ́bà pẹlẹbẹ mẹ́ta tó lé ara wọn lórí, tòkè àti tìsàlẹ̀ ní ọ̀nà iná tí wọ́n yà sí wọn lára bí ìlà, tàárín kàn ní ihò ni, kí méjèèjì má baà fara kanra àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlà yẹn ló ń rìn lọ síbi pátákó kékeré kan tó wà lókè, ibẹ̀ ni wáyà USB ti wọlé. Pátákó yẹn lẹ fẹ́. Etí ẹ̀ ní eyín tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Tí eyín kan láti ọ̀wọ́ kìíní bá ti kan eyín kan láti ọ̀wọ́ kejì, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnì kan. Kò mọ̀ bóyá ìka lẹ fi tẹ̀ ẹ́ ni àbí ìdí ìkòkò, kò kàn án.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ eyín wo ló jẹ́ bọ́tìnì wo: kẹ́ ẹ tó sọ rọ́bà yẹn nù, ẹ fojú tẹ̀ lé ìlà tó ti abẹ́ bọ́tìnì ọfà òkè jáde títí dé etí pátákó, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún rọ́bà òkè, ẹ ṣe é fún tìsàlẹ̀, eyín méjì tó bá já sí ni tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ojú ò bá rí i dáadáa, ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó tó ìlà mélòó kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú wáyà kékeré máa fi so eyín méjì méjì pọ̀, tí kọ́sọ̀ bá gòkè, ọfà òkè nìyẹn, tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti mọ̀. Bọ́tìnì márùn-ún ti tó, ọfà mẹ́rin àti space, bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ jó wáyà mọ́ eyín yẹn, àwọn kan wà tó ní nǹkan dúdú lára, kábọ́ọ̀nù ni, lẹ́ẹ̀dì ò ní mú un. Ẹ fi abẹ ha á títí tẹ́ ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó jó o. Jẹ́jẹ́ o, ẹ má ha á já.

TíṣàMọ́níyà:
Ọlọ́run á bá wa bù kún ìmọ̀ yín, ọ̀gá mi. Bọ́tìnì fúnra ẹ̀ ńkọ́, kí la máa fi ṣe é?

ÀgbàOníwáyà:
Ẹ kàn ṣe ohun tí wọ́n ṣe nínú kíbọọ̀dù yẹn náà, ṣùgbọ́n kó tóbi. Ẹ gé páálí Indomie méjì tó tó àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ẹ lẹ fóìlì mọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó sáàárín wọn, kó má nípọn, kẹ́ ẹ sì dá ihò ńlá sí fóòmù náà láàárín. Tọ́mọ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fóìlì méjèèjì á fẹnu kora gba inú ihò yẹn, tó bá gbẹ́sẹ̀, fóòmù á gbé e dìde padà. Wáyà kan sí fóìlì òkè, wáyà kan sí tìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń lọ sí eyín méjì yẹn.

Ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú láti jó wáyà mọ́ fóìlì, alumíníọ́ọ̀mù kì í gba lẹ́ẹ̀dì bọ̀rọ̀. Ẹ hó ara wáyà náà dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sórí fóìlì, ẹ ká etí fóìlì lé e lórí, kẹ́ ẹ gún un ní síteépù, kẹ́ ẹ wá fi sẹ́lótéèpù dè é. Wáyà inú kébù íntánẹ́ẹ̀tì tó ti já dáa fún un, mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kan, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra, ẹ ò ní ṣì í mú.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti dán ti kíbọọ̀dù yìí wò nígbà kan ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ti fóìlì ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n nígbà tá a fi ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i kò dáhùn rárá. Kí ló fà á tó fi ṣiṣẹ́ fún Makey Makey?

ÀgbàOníwáyà:
Ìbéèrè tó dáa. Iná ń gba inú fóìlì kọjá wẹ́rẹ́ láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ara èèyàn àti èso, omi àti iyọ̀ inú wọn ló ń gbé iná, ìdíwọ́ ibẹ̀ sì pọ̀. Ọwọ́ gbígbẹ nìkan lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ohm, ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdíwọ́ iná. Kíbọọ̀dù lásán ò ní gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tẹ bọ́tìnì, lójú tiẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan ò kan nǹkan ni. Ohun tí àwọn Makey Makey ṣe ni pé wọ́n fi rẹsítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) mílíọ̀nù 22 ohm sáàárín ibi tí ẹ ó fọwọ́ kàn àti iná 5 volt. Rẹsítọ̀ yẹn pọ̀ débi pé ìdíwọ́ ara èèyàn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ kan di wáyà earth (èyí tí iná ń gbà padà) mú, tẹ́ ẹ sì fi ìkejì kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, iná ibẹ̀ á wálẹ̀ dáadáa, pátákó á sì mọ̀.

Ewu ibẹ̀ ni pé irú ẹnu ọ̀nà tó fẹ́lẹ́ báyẹn, gbogbo ariwo iná NEPA tó wà nínú ilé ló ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí prógíráàmù inú ẹ̀ kì í fi gba ohun tó kà lẹ́ẹ̀kan gbọ́, ó máa ń ka púpọ̀ kó tó pinnu pé wọ́n fọwọ́ kàn án lóòótọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ ra Pro Micro, pátákó kékeré irú Arduino tẹ́ ẹ lè kọ prógíráàmù sí. ATmega32U4, ọpọlọ tó wà nínú Makey Makey, ló wà nínú òun náà, ó lè pe ara ẹ̀ ní kíbọọ̀dù fún kọ̀ǹpútà láìsí wàhálà. Kì í ṣe Arduino Uno àtijọ́ (R3) o, ìyẹn ò lè dá a ṣe fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.

MàmáÌbejì_Òṣogbo:
Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ̀ nípa wáyà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ máa ki wáyà bọ̀ yìí, oúnjẹ ni. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀wọ́ kan báyìí? Ọmọ wà nínú kíláàsì Tíṣà yẹn tó jẹ́ pé kò jẹun kó tó wá lówùúrọ̀ Sátidé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí èmi náà kọ́ ọmọ ní pírámárì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó síwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, kí wọ́n ní kó máa fi ṣeré, kò dáa. Àwọn tó ń ṣe fídíò lókè òkun, tiwọn ni ti wọn.

Kọ́láGéèmù:
Màmá, ẹ má bínú, wọ́n lè jẹ ẹ́ tí wọ́n bá ṣe tán o, iná tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan.

MàmáÌbejì_Òṣogbo:
Kọ́lá ọmọ mi, èyí tí ọmọ bíi ogún ti fọwọ́ pa, tí irin ti gún nínú? Ìwọ á jẹ ẹ́?

TíṣàMọ́níyà:
Màmá, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ lẹ sọ, mo sì gbà pẹ̀lú yín pátápátá, oúnjẹ ò ní sí níbẹ̀. Ohun tó wù mí ni kí àwọn ọmọ rí i pé nǹkan tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ lè di ẹ̀rọ, kò dìgbà tó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Kò pọn dandan kó jẹ́ èso náà. Kànrìnkàn tó tutù díẹ̀ á ṣe é. Agolo mílíìkì tí wọ́n fọ̀ mọ́, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́, ìdérí ìkòkò, ewé òdòdó tó ṣì wà nínú ìkòkò ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pẹ́ńsù, kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi pẹ́ńsù tó dúdú dáadáa (2B sókè) ya bọ́tìnì sórí ìwé, tẹ́ ẹ kùn ún títí tó fi nípọn tó ń dán, tẹ́ ẹ sì fa ìlà ẹ̀ dé etí ìwé níbi tí wáyà á ti di í mú, iná á gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ á ya páàdì tiẹ̀ sórí ìwé, á máa fi ìka kàn án, ológbò á máa fò. Ṣùgbọ́n ti Pro Micro nìyẹn o, bí ọ̀gá ṣe wí, ti kíbọọ̀dù àtijọ́ kò ní gbà á.

Nǹkan kan tó dùn tún ni pé ẹ lè jẹ́ kí àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọmọ àkọ́kọ́ di earth mú, ti ìgbẹ̀yìn fọwọ́ kan agolo, iná á gba ara gbogbo wọn. Tí ẹnì kan bá jọ̀wọ́ ẹnìkejì ẹ̀ báyìí, ó ti já nìyẹn. Lásìkò ọyẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ omi sọ́wọ́ díẹ̀, awọ ara á ti gbẹ jù.

MàmáÌbejì_Òṣogbo:
Iná gba ara ọmọ? Ẹ dúró ná.

ÀgbàOníwáyà:
Màmá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí dúró, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kó tó dé ibí. 5 volt ni iná USB, pẹ̀lú rẹsítọ̀ ńlá yẹn èyí tó ń gba ara kọjá kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí ewu wà ni ṣájà láptọ́ọ̀pù. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní earth máa ń jẹ́ kí iná NEPA jò díẹ̀ wá sára láptọ́ọ̀pù, ìyẹn ló ń ta yín lọ́wọ́ ṣín-ín-rín tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan irin ara ẹ̀. Tí ṣájà náà bá wá ní àléébù nínú, ó lè ju ṣín-ín-rín lọ. Torí ẹ̀, nígbà tí ọmọ bá ń fọwọ́ kan nǹkan, bátìrì ni kí láptọ́ọ̀pù wà, ẹ yọ ṣájà kúrò pátápátá, ì báà jẹ́ NEPA ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe délé lọ fi wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láéláé. Ọmọ tó ti rí i pé wáyà ń ṣe nǹkan tó dùn, àfi kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un lásọtúnsọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú tẹlifíṣọ̀n onígò tàbí máíkíróweéfù tó ti bàjẹ́ láti wá wáyà o, iná tó wà nínú ìyẹn lè pa èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

MàmáÌbejì_Òṣogbo:
Ẹ ṣeun, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham:
Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, London ni mo wà. Ẹ jẹ́ n mú apá kan wọ̀ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n bí i pẹ̀lú iṣan tó le, ọwọ́ ẹ̀ ò lè di páàdì mú, ìka ẹ̀ ò ṣe é yà sọ́tọ̀. Kó tó di pé a mọ nǹkan yìí, á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, á máa pariwo tí wọ́n bá gbá a wọlé, ṣùgbọ́n òun gan-an ò lè gbá a.

Microsoft ṣe páàdì kan jáde ní 2018 fún Xbox, ẹ̀rọ géèmù wọn, Xbox Adaptive Controller ni wọ́n ń pè é. Pátákó pẹlẹbẹ funfun ni, bọ́tìnì ńlá méjì ló wà lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ihò jáàkì mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, irú ihò tá a máa ń ki ìyápíìsì bọ̀, ìyẹn 3.5mm, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún bọ́tìnì kan. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti ta géèmù, bíi AbleGamers l'Amẹ́ríkà àti SpecialEffect níbí ní ìlú Òyìnbó wà lára àwọn tí wọ́n bá wọn jíròrò kí wọ́n tó ṣe é. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá ti lè so wáyà méjì pọ̀ lè di bọ́tìnì nínú ihò yẹn. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n, bọ́tìnì kan ṣoṣo lè gba owó gidi lọ́wọ́ èèyàn. Bọ̀ọ̀dá mi kan wá fi ìdérí ike àìsìkiriìmù méjì àti fóìlì ṣe é bí ọ̀gá yẹn ṣe júwe ẹ̀ gẹ́lẹ́. A fi ọ̀kan sábẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ yẹn, a fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀ níbi tó ń fi orí tì lára àga. Ẹ ẹ̀ rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó fi gìgísẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ojóóró ni.

Torí náà Tíṣà, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kan ládùúgbò yín tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe bíi ti àwọn yòókù, ẹ pe òun náà wá, òun gan-an ni nǹkan yìí wúlò fún jù.

TíṣàMọ́níyà:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti já mi láyà lọ́nà rere. Ọmọ kan wà ní ojúlé kejì sí ibi tá a ti ń kọ́ wọn, ẹnu ọ̀nà ni màmá ẹ̀ máa ń gbé e sí nínú àga, ó máa ń gbọ́ ariwo wa. Xbox ò sí lọ́dọ̀ wa ṣá. Ṣé á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lásán?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham:
Á ṣiṣẹ́ dáadáa, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní Xbox tàbí páàdì yẹn rárá. Bọ́tìnì kan péré ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Géèmù ẹranko ńlá tó ń sáré nínú Chrome nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì, ó ti wà níbẹ̀ láti 2014, space nìkan ti tó láti fi gbá a.

ÀgbàOníwáyà:
Fún bọ́tìnì kan ṣoṣo, máòsì àtijọ́ rọrùn ju kíbọọ̀dù lọ. Ẹ tú u, ẹ wá bọ́tìnì kékeré tó wà lábẹ́ ibi tí ìka ń tẹ lápá òsì, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ẹ fi wáyà kékeré so ẹsẹ̀ méjì méjì pọ̀ títí tí kọ̀ǹpútà á fi kílíìkì, ẹ jó wáyà méjì sí àwọn ẹsẹ̀ náà, kẹ́ ẹ gbé e jáde síta lọ sí bọ́tìnì páálí yín. Ó parí. Nínú Scratch ẹ ní kó jẹ́ pé tí máòsì bá kílíìkì kí ológbò fò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo wáyà ìyápíìsì, ẹ mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan bí ọ̀dà kun wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀, ẹ fi iná ìṣáná jó o díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi abẹ ha á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o títí kò ní gbé iná.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ fi ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn hàn yín. Ẹ má pinnu fún un pé ọwọ́ ni. Ó lè jẹ́ orúnkún, ó lè jẹ́ àgbọ̀n.

Kọ́láGéèmù:
Ẹ jẹ́ n da ọ̀kan sí i tó bá kan nǹkan inú ilé. Ẹni tó bá ní Wii, ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́ ti 2006, tí ọ̀pá tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ ti bàjẹ́, àbẹ́là méjì lè rọ́pò ẹ̀! Orúkọ ọ̀pá yẹn lásán ló jẹ́ sensor, kò mọ nǹkan kan lára, iná infrared (tí ojú èèyàn ò lè rí) ló kàn wà nínú ẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, rímóòtù ló ní kámẹ́rà lójú tó ń wo iná méjèèjì kó lè mọ ibi tó dojú kọ. Àbẹ́là náà ń tan irú iná yẹn jáde. Ẹ gbé méjì kalẹ̀ kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀, rímóòtù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì yẹra fún kọ́tìnnì.

Ẹnì kan tún wà tó ń jẹ́ Robin Baumgarten, irin ayí-bíríbírí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ara ògiri kí ilẹ̀kùn má baà gbá a, ìyẹn ló fi ṣe páàdì géèmù Line Wobbler, tẹ́ ẹ bá tẹ irin yẹn síwá-sẹ́yìn ẹ ń rìn, tẹ́ ẹ bá ta á kó máa gbọ̀n ẹ ń jà. Géèmù fúnra ẹ̀ kò ní tẹlifíṣọ̀n, okùn iná LED gígùn kan ni. Ìpàtẹ kan wà fún irú nǹkan báyìí ní ìpàdé àwọn aṣegéèmù ní San Francisco, alt.ctrl.GDC, láti 2014 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Kọ́lá, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn. Kí ló dé tá ò fi ohun tiwa ṣe é? Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, tẹ́ ẹ bá tẹ́ fóìlì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ní bọ́tìnì méjìlá, kẹ́ ẹ wá kọ géèmù ayò ní Scratch, ọmọ á fọwọ́ kan ihò tó fẹ́ kó nínú ọpọ́n gidi, kọ̀ǹpútà á bá a fọ́n ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin yẹn káàkiri lójú sírííìnì. Ọmọ ayò gidi ò ní dí i lọ́wọ́, èso tó ti gbẹ ni, kò ní omi bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í gbé iná.

Dùndún náà wà. Nintendo ti ṣe ìlù DK Bongos fún GameCube, ẹ̀rọ géèmù wọn, láti 2003, èèyàn ti fi gbá géèmù tí kò bá ìlù tan rárá. Dùndún á ṣòro díẹ̀ torí pé ohùn ẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ bá ṣe fún ọṣán ẹ̀, bọ́tìnì tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè gbé ìyẹn. Bóyá ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn rédíò àtijọ́ sókè la máa so mọ́ ọṣán, kí Pro Micro máa ka bó ṣe ń yí. Mo fẹ́ dán an wò lóòótọ́.

MàmáÌbejì_Òṣogbo:
Èyí ni mo fẹ́ gbọ́. Ti ayò yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ jẹ́ n mọ̀, ọpọ́n bàbá mi wà nílé, n ò jẹ́ kẹ́ ẹ lẹ nǹkan kan mọ́ ọn o, ṣùgbọ́n mo mọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó lè gbẹ́ òmíràn.

TíṣàMọ́níyà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo ti padà dé. A ti rí kíbọọ̀dù, a ti tú u, àwọn ọmọ ló fojú tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n sì kọ nọ́mbà eyín sínú ìwé, ojú wọn mú ju tèmi lọ. Bọ́tìnì ẹsẹ̀ mẹ́ta ti jáde, ọfà òkè, ọfà ọ̀tún, àti space láti fi ju òkúta. Ọmọ tó wà nínú àga yẹn náà ti wá, ti máòsì la ṣe fún un, orúnkún ló yàn. Màmá ẹ̀ dúró tì wá títí a fi parí, ó ní kí la máa ń gbà. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, kó kàn máa bá wa kó páálí jọ.

Wàhálà kan ló ṣẹ́kù. Tí wọ́n bá tẹ ọfà òkè àti ọ̀tún pọ̀, ó ń dáhùn, àmọ́ tí wọ́n bá wá fi space kún un, kò ní ju òkúta rárá, àfi tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ tó bá dá wà.

ÀgbàOníwáyà:
Ẹ kú iṣẹ́, inú mi dùn gan-an. Bọ́tìnì yín ò ní àléébù, bí wọ́n ṣe to kíbọọ̀dù ló fa ìyẹn. Bọ́tìnì púpọ̀ ló ń pín eyín lò. Tí ẹ bá tẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí méjì nínú wọn jọ wà ní eyín kan lápá ìhín, tí ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn tún bá ẹ̀kẹta pín eyín lápá ọ̀hún, kíbọọ̀dù ò lè mọ̀ dájú bóyá ẹ tún tẹ bọ́tìnì kẹrin kan, nítorí náà á fojú fo ti ìgbẹ̀yìn kó má baà ṣì í kà. Olówó pọ́ọ́kú ló pọ̀ nínú wọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo inú ìwé táwọn ọmọ kọ. Ẹ wá lẹ́tà kan tí eyín ẹ̀ méjèèjì ò bá ti ọfà òkè àti ọ̀tún pàdé níbì kankan, ẹ gbé wáyà space lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí space sí lẹ́tà yẹn nínú Scratch. Kò ní gba àsìkò. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ ka nọ́mbà eyín bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí fún mi, pẹ̀lú ti lẹ́tà bíi mẹ́wàá míì, màá bá yín yàn án lálẹ́ òní.

TíṣàMọ́níyà:
Ọfà òkè: 4 àti 17. Ọfà ọ̀tún: 4 àti 21. Space: 6 àti 17. Àwọn ọmọ ń kọ ti lẹ́tà yòókù lọ́wọ́, mò ń bọ̀.

ÀgbàOníwáyà:
Ó ti hàn. 4 ni ọfà méjèèjì jọ wà, space sì tún bá ọfà òkè pàdé ní 17. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá lẹ́tà tí kò ní 4, 17 tàbí 21 nínú.